Ọ̀pá Aró Àwẹ̀ró

Ẹni-tó-gbin-ẹ̀pà-tó-ń-hú-u-wò-kò-níí-jẹ-ẹ̀pà. Orúkọ awo kan ní ìlú Àbàtà nìyẹn. Òun ló wo Ifá fún Àwẹ̀ró, aláró, ọmọ aláró, nígbà tí aró ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́, tó ń fi ẹkún ṣe oúnjẹ òwúrọ̀.

Aró ṣíṣe kì í ṣe pé kí a kàn da ewé sómi. Ìkòkò méjì ni wọ́n ń gbé léra. Ti òkè ní ihò nídìí, òun ni wọ́n ń da eérú sí. Bí wọ́n bá bu omi lé eérú náà, omi á máa kán tó, tó, tó sínú ti ìsàlẹ̀. Inú omi eérú yìí ni wọ́n ń rẹ ewé èlú sí. Wọ́n á dé e, èlú á máa jẹrà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi di aró. Bí kò bá di aró, omi rírùn lásán ni. Àwọn aláró á ní ó ti kú.

Ti Àwẹ̀ró ti kú lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ilé aró Àbàtà sì ni pé ẹni tí tirẹ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á da ìkòkò rẹ̀ dojú délẹ̀, kò sì ní í rẹ aṣọ mọ́ láéláé. Ìkòkò tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni.

Ó tọ awo lọ. "Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé orí mi ni kò yan aró? Bó bá jẹ́ àyànmọ́ ni, kí n yáa lọ máa ta iyọ̀."

"Orí rẹ yan aró," ni awo wí. "Ifá ní ire rẹ wà nínú ìkòkò. Ọwọ́ rẹ ni kò jẹ́ kó jókòó."

Ó ní kó rẹ èlú tuntun, kó rò ó lẹ́ẹ̀kan, kó dé e. Kó wá fi ẹyẹlé, obì àti ọ̀pá tó fi ń ro aró rúbọ fún Èṣù ní oríta. Kó má ṣí ìkòkò náà títí Ìyá Ọ̀jẹ́lékè, olórí àwọn aláró, yóò fi wá tọ́ ọ wò.

"Ọ̀pá ìyá mi kẹ̀? Bàbá, ẹ gba ewúrẹ́."

"Èṣù kò bèèrè ewúrẹ́."

"Bí orí mi bá ti yàn án, kí ni ẹbọ tún ń wá níbẹ̀?"

"Bí orí bá yan oko fún ènìyàn, ṣé orí ni yóò bá a ro ó?"

Àwẹ̀ró padà sílé. Ó rẹ èlú, ó rò ó, ó dé e. Ó gbé ẹbọ dé oríta. Ó gbé ẹyẹlé kalẹ̀, ó gbé obì kalẹ̀. Ọ̀pá kò fẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti mú un dán. Bó bá mú un padà sílé, kò sí ẹni tí yóò rí i. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e lélẹ̀, kò sì wẹ̀yìn.

Ẹbọ rírú kò le tó ìdúródè aró. Láti ọjọ́ tí ìkòkò àkọ́kọ́ ti kú ni ẹ̀rù ti ń ba Àwẹ̀ró. Tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ ló máa ń ṣí ti èkejì, á rò ó, á gbóòórùn rẹ̀, á tún rò ó. Ní báyìí, bí ẹ̀rù náà bá ti dé, ọwọ́ rẹ̀ á nà sí ara ògiri níbi tí ọ̀pá máa ń wà. Kì í bá nǹkan kan níbẹ̀.

Àjíún, aládùúgbò rẹ̀, yọ orí wọlé. "Àwẹ̀ró, o ò ro aró rẹ? Àbí iyọ̀ tí o máa ń sọ lo fẹ́ tà lóòótọ́?"

"Ọ̀pá mi wà lọ́wọ́ Èṣù. Bá mi lọ gbà á wá."

"Èmi kẹ̀? Kó yáa máa wà lọ́hùn-ún!"

Ọjọ́ ìtọ́wò pé. Ìyá Ọ̀jẹ́lékè ṣí ìkòkò, ó ki aṣọ funfun bọ̀ ọ́. Ó fà á yọ, ó rí bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kò dúdú.

"Ẹ mú sùúrù," ni ìyá àgbà wí. "Atẹ́gùn ni yóò sọ." Ó fi aṣọ náà kọ́ sókè.

Àwẹ̀ró di ojú.  Lójijì ni Àjíún, tó wá wòran, kígbe, "Yéè! Ó ń dúdú bọ̀ láti etí!"

Àwẹ̀ró lajú. Aṣọ náà ti dúdú bí òjò tó ṣú. Ó jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Aró tó ń jẹrà kò fẹ́ atẹ́gùn," ni Ìyá Ọ̀jẹ́lékè wí. "Ìgbà tó bá jáde ló ń fẹ́ ẹ. Ìwọ lo ń fún un ní atẹ́gùn kó tó jinná. Ta ló wá gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ?"

"Ifá ni, Ìyá."

Ó jó lọ sọ́dọ̀ awo rẹ̀, ó ń yìn ín. Awo ní Ifá ni kó yìn. Ìkòkò Àwẹ̀ró kò kú mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ rírú ẹbọ, ẹ rú u. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn, ẹ gbà á. Orí ló yan aró fún Àwẹ̀ró. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Ọwọ́ yẹn náà ló sì gbé ẹbọ dé oríta, tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.