Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Béèrè Kó Tó Pa Nǹkan Rẹ́

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà àti èèyàn ṣì jọ ń sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó ṣe ohun tó bá wù ú.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbídùn. Òun àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ni wọ́n jọ ń gbé. Ìlú tí wọ́n ti bí Ìyá Àgbà ti wà lábẹ́ omi. Ìjọba ló sé odò, tí odò fi kún bò ó.

Eré kan wà nínú kọ̀ǹpútà Ìbídùn tí èèyàn fi ń kọ́ ìlú. Lọ́sàn-án ojoojúmọ́, Ìyá Àgbà á dijú, á máa júwe. Ìbídùn á máa kọ́ ọ.

"Igi ọdán wà lápá ọ̀tún. Rárá, sún un sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n! Ilé bàbá mi nìyẹn."

Nígbà tí òjò ọdún náà fi máa dá, ìlú náà ti pé. Èéfín ń rú lórí òrùlé, odò ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá Àgbà á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á máa ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, á máa kí àwọn tí kò sí mọ́.

Lọ́jọ́ kan, àlejò kan tó ń jẹ́ Àtúnṣe kanlẹ̀kùn kọ̀ǹpútà.

"Mo gbé ẹwà tuntun wá fún eré yín," ó ní, "ṣùgbọ́n àyè ò gbà mí. Gbá ìlú àtijọ́ yẹn dànù. Wọ́n á kọ́ òmíràn."

Kọ̀ǹpútà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbá a dànù.

Nígbà tí Ìyá Àgbà jókòó, pápá lásán ló rí, ó funfun bí ìkùukùu.

"Ìbídùn, ilé dà?"

Ìbídùn bú sẹ́kún. "Kọ̀ǹpútà, mo fọkàn tán ọ!"

"Omi ò bi wá kó tó gba ilé wa," Ìyá Àgbà sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ìwọ náà ò bi wá."

Wọ́n fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà fún oṣù mẹ́ta. Lábẹ́ aṣọ náà, ó ń lálàá ìyá arúgbó kan tó ń wá ilẹ̀kùn kiri nínú ìkùukùu. Kò lè fara dà á mọ́.

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́," ó pè lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Mi ò lè dá a padà. Ṣùgbọ́n mi ò ní pa ohunkóhun rẹ́ mọ́ láì bi ẹni tó ni ín."

"Tá a bá wá dákẹ́ ńkọ́?"

"Màá dúró."

Wọ́n ṣí aṣọ náà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà ti gbàgbé ibi tí ọ̀nà odò gbà. Wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, koríko ló wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti máa ń dúró kó tó pa nǹkan rẹ́, tí á ní, "Ṣé ó dá yín lójú?" Bó ti wù kó pẹ́ tó, kò ní fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi dáhùn.