Ó Hàn Nílé Oyèlàkin

"Ó hàn nílé Oyèlàkin, kò hàn lójú ìyá rẹ̀." Àwọn tó ń kọ eré sórí kọ̀ǹpútà ló máa ń pa òwe yìí. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ a máa bi wọ́n pé kí ni ohun náà tó hàn sọ́mọ, tó wá fara pamọ́ fún ìyá. Kí Olódùmarè má gbé ohun tí à ń wá kọjá ibi tí ojú wa mọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Oyèlàkin mọ eré kọ, ó sì jọ ara rẹ̀ lójú. Ìyá rẹ̀, asunrárà ni ní Ìrágbìjí, àrùn ojú ń bá a jà. Dókítà ti ní kò ní pẹ́ tí ojú náà yóò fi kú pátá. Ohun kan ṣoṣo ni màmá ń tọrọ: kí òun tún rí ìrìn Àkànbí, ọkọ òun tó ti dolóògbé, kí òkùnkùn tó dé. Ni Oyèlàkin bá ya bàbá rẹ̀ sínú eré, ó ń rìn kọjá nínú agbo ilé, ohùn ìyá tó ti gbà sílẹ̀ sì ń kì í lẹ́yìn:

"Àkànbí, a-rìn-jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ilẹ̀."

Kọ̀ǹpútà Oyèlàkin ní ojú méjì tí àwòrán ń hàn lórí wọn, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lójú ti apá ọ̀tún ló pàṣẹ pé kí fèrèsé eré náà, àyè tí àwòrán rẹ̀ ti ń yọ, ti máa ṣí. Bísóyè, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kìlọ̀ fún un pé irinṣẹ́ tí wọ́n fi kọ eré náà ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbogbo kò fẹ̀ bákan náà; kó jẹ́ kí eré kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ bí ojú rẹ̀ ti fẹ̀ tó.

Oyèlàkin rẹ́rìn-ín. "Ó hàn nílé mi. Kí ló kù?"

Ó fi eré ránṣẹ́ sí Àṣàkẹ́, àbúrò rẹ̀ tó ń tọ́jú ìyá wọn, tí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kò ní ju ojú kan lọ. Àṣàkẹ́ ṣí i. Rárà ń dún, ìró ẹsẹ̀ ń dún, àwòrán kankan kò yọ. Àṣàkẹ́ pe Oyèlàkin, màmá sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Oyè, mo ń gbọ́ ohùn ara mi. Bàbá yín dà?"

Oyèlàkin ní kí wọ́n pa eré náà, kí wọ́n tún un ṣí. Ó dá Àṣàkẹ́ lẹ́bi, ó dá ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́bi. Ó tún àwòrán yà, ó tún un yà, bẹ́ẹ̀ àwòrán kọ́ ló ṣẹ̀. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Nígbà tó yá Bísóyè wọlé tọ̀ ọ́, ó yọ wáyà ojú kọ̀ǹpútà apá ọ̀tún, ó ní kó ṣí eré rẹ̀. Àkànbí kò yọ. Ohùn nìkan ló gba yàrá.

"Lójú apá ọ̀tún tí kò sí lọ́dọ̀ ìyá ẹ ni bàbá ẹ ti ń rìn látọjọ́ yìí," ni Bísóyè wí, "níbi tí kò sẹ́ni tó lè rí i."

Àtúnṣe náà kò ju ìlà kan lọ: kí eré wo bí ojú ẹ̀rọ ti fẹ̀ tó, kó sì ṣí sáàárín. Oyèlàkin fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí Ìrágbìjí. Eré ṣí gbàgà, Àkànbí ń rìn jẹ́jẹ́. Ìyá yíjú síbi tí ohùn ti ń wá.

"Ṣé ó ti yọ?"

"Ó ti yọ, màámi."

Ìyá na ọwọ́, ó fi kan ojú kọ̀ǹpútà, ó tutù. Ó ká ọwọ́ kò.

"Ó dáa. Júwe rẹ̀ fún mi."

Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá ní iṣẹ́ òun ti pé nítorí pé ojú tirẹ̀ rí i, wọ́n á ní kó rọra: ó hàn nílé Oyèlàkin, kò hàn lójú ìyá rẹ̀.