Àwọn Tó Yí Ilé-Ìwé Abà Afárá Ká

Abà Afárá kì í ṣe ilé ẹ̀yà kan ṣoṣo. Àwọn Yorùbá ló ni ilẹ̀ kòkó tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Ìgbìrà ló ń bá wọn ro ó. Àwọn Tápà ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù kọjá odò, àwọn Ègùn ń hun ẹní, àwọn Gàmbàrí sì ń ra obì. Nígbà tí ìjọba ní àwọn yóò fún wọn ní olùkọ́ bí wọ́n bá lè fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé-ìwé, kò sí ẹni tó fà sẹ́yìn. Baálẹ̀ Ọ̀jẹ̀dòkun yọ̀ǹda ilẹ̀. Àwọn Ìgbìrà po amọ̀, wọ́n sì mọ ògiri. Àwọn Tápà kó igi àjà wá, àwọn Ègùn sì bo òrùlé.

Nítorí náà, kò sí ẹni tó ka ara rẹ̀ sí àlejò nínú ilé-ìwé ọ̀hún. Màlámù Sáálù, tó ń ra obì, a máa fi obì kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ìṣirò. Ní gbogbo Ọjọ́rú, àwọn ìyá a wọlé láti kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Bí ara ọmọ kan kò bá yá, ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò pọ̀n ọ́n lọ sílé. Kò sí ẹni tí í béèrè ẹ̀yà tí ọmọ náà ti wá.

Báyìí ni nǹkan rí kí wọ́n tó gbé Ọ̀gá Fáṣọ̀yìn wá láti ìlú ńlá. Ọkùnrin yìí mọ̀wé, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé tó ti ń bọ̀, bàbá ọmọ kan ti gbá a létí lójú àwọn ọmọ tó ń kọ́. Ẹ̀tẹ́ ọjọ́ náà kò tán lára rẹ̀. Ó búra pé òbí kankan kò ní í sún mọ́ òun mọ́. Kò pé oṣù kan tó dé tó fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ilé-ìwé ká, tó sì fi àgádágodo ti ẹnu ọ̀nà. Ó fòpin sí iṣẹ́ ọwọ́ Ọjọ́rú. Lẹ́yìn náà ló pàṣẹ pé kí bàbá tàbí ìyá tó bí ọmọ wá tẹ̀ka sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà tuntun. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá tẹ̀ka kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, òun yóò fagi lé orúkọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin Ìgbìrà kan wà ní kíláàsì kẹfà tó ń jẹ́ Ozohu. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Enesi, bàbá rẹ̀, ti lọ ro oko iṣu ní òdì kejì odò, omi sì ti kún lẹ́yìn rẹ̀ débi pé àwọn Tápà tó mọ odò náà bí ẹni mowó ti fa ọkọ̀ wọn sórí ilẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Sènámi, obìnrin Ègùn tó ń hun ẹní, ni ọmọ náà ń gbé. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, Ìyá Sènámi fà á lọ́wọ́, ó di ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá," ló wí. "Mo wá tẹ̀ka fún Ozohu."

Fáṣọ̀yìn wò ó láti ẹ̀yìn wáyà. "Ṣé ìwọ lo bí i?"

"Rárá o. Èmi ni mo ń tọ́ ọ."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni tó ń tọ́ ọ. Ìgbìrà ni ọmọ, Ègùn ni ìwọ. Yorùbá pàápàá kò tíì dá gaara lẹ́nu rẹ, ìwé ọmọ ọlọ́mọ lo fẹ́ wá tẹ̀ka sí."

"Yorùbá lè wọ́ mọ́ mi lẹ́nu, Ọ̀gá, ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fi wo ọmọ yìí."

"Gbọ́, obìnrin yìí. Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ: ojú bàbá méjì, ojú ìyá méjì. Nínú ojú mẹ́rin yẹn ni mo ti fẹ́ rí. Ojú yòókù kò kàn mí."

"Méjì ti wọlẹ̀ lọ, méjì wà lókè odò. Ṣé kò wá sí ẹni tí yóò máa wo ọmọ mọ́ ni?"

Fáṣọ̀yìn gbé rẹ́jísítà wá sẹ́yìn wáyà. Ó ṣí ìwé náà lójú wọn, ó fagi lé orúkọ Ozohu, ó sì padà wọlé.

Ọmọ náà kò sunkún. Nígbà tí wọ́n rìn dé ìdajì ọ̀nà, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kúkú máa bá yín hun ẹní."

Ìyá Sènámi dúró gbagidi. "Bí ẹní híhun bá wù ọ́, o ó hun ún. Ṣùgbọ́n o ò ní í hun ún nítorí pé Fáṣọ̀yìn lé ọ."

Kò wọ ilé. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn, láti ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ títí dé ibùdó àwọn Tápà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Olóko kòkó kan tó ń jẹ́ Akíngbadé ní, "Àwa ti tẹ̀ka fún ọmọ tiwa. Kí la fẹ́ bá ọ̀gá jà sí?"

"Akíngbadé," ni Ìyá Sènámi wí, "ta ló mọ ògiri tí ọmọ rẹ ń fẹ̀yìn tì níbẹ̀?"

Enesi wà lára àwọn tó mọ ọ́n, Akíngbadé náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí àwọn ọmọ ti wọlé tán, kí agogo tó dún, àwọn ènìyàn ti yí ilé-ìwé ká. Wọn kò mú igi, wọn kò sì pariwo; Ozohu wà láàárín wọn. Baálẹ̀ Ọ̀jẹ̀dòkun gbé àpótí rẹ̀ ka ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e. Fáṣọ̀yìn sáré jáde.

"Baba, ẹ bá mi lé àwọn èrò yìí lọ."

"Èmi náà wà lára èrò," ni Baálẹ̀ wí.

"Ta ló bí Ozohu nínú yín?"

"Kò sí."

"Kí ló wá kàn yín?"

Ndagi, olórí àwọn atukọ̀ Tápà, ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ ní omi wíwẹ̀."

Ìyàwó Akíngbadé ní, "Èmi ni mo rán aṣọ ilé-ìwé tó wọ̀ yẹn."

"Èmi ni mo nà án nígbà tó ká máńgòrò mi," ni Màlámù Sáálù wí. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò kúrò níbi tí wọ́n dúró sí.

Fáṣọ̀yìn padà sí kíláàsì, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ìgbà tó bá gbójú sókè, ojú ni yóò rí láti ojú fèrèsé, lẹ́yìn wáyà: ojú àgbà, ojú ọ̀dọ́, gbogbo rẹ̀ ń wò ó láìṣẹ́jú. Ó kọ̀wé sójú pátákó lẹ́ẹ̀mẹta, ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Oòrùn mú, wọn kò lọ. Níkẹyìn ó pe Abíọ́nà, tíṣà kékeré tó ń bá a ṣiṣẹ́.

"Jáde lọ kà wọ́n. Mo fẹ́ kọ ọ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́."

Abíọ́nà kà wọ́n yípo láti inú wáyà, ó padà. "Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n láìka Ozohu, sà."

"Àní ojú mẹ́rin péré ni mo ní mo fẹ́ rí!"

"Méjìdínnígba ló wà níta, sà," ni Abíọ́nà wí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. Ó jáde, ó tẹ̀ríba kọjá lábẹ́ wáyà, wáyà sì fà á láṣọ ya. Ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Sènámi, ó kọjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó ké sókè pé: "Ó di igba!"

Ìyá Sènámi fa Ozohu dé ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, igba ojú rèé," ló wí. "Bí kò bá tó yín, ẹ kó àwọn ọmọ gbogbo wa jáde fún wa, kí ẹ máa kọ́ ògiri níwèé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ògiri náà, tiwa ni."

Fáṣọ̀yìn wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò síbi tí kò ti bá ojú pàdé. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣí àgádágodo. Ó tún orúkọ Ozohu kọ sí ojú ewé tuntun. Ìyá Sènámi tẹ̀ka sí i. Baálẹ̀ náà tẹ̀ka. Ndagi tẹ̀ka, Sáálù tẹ̀ka, Akíngbadé tẹ̀ka, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí àyè fi tán lójú ìwé náà.

Fáṣọ̀yìn kò tọrọ àforíjì, wọn kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ti ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́. Ozohu ṣe ìdánwò, ó yege. Nígbà tí omi fà, tí Enesi darí dé, tó sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó béèrè ẹni tó dúró fún òun. Wọ́n ṣí ìwé náà fún un. Ó fi ìka kan àmì ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ewé náà.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti sọ pé ọmọ ẹlòmíràn kò kan òun ní Abà Afárá, ọ̀rọ̀ Fáṣọ̀yìn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn wọn, tiwọn ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀. Àwọn àgbà ibòmíràn gbọ́, wọ́n sọ ọ́ dòwe pé: ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ.