Ọgbọ̀n Ni Wúràọlá Sọ

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Múfú tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ní oríta, ìwọ̀n kan ṣoṣo ló wà. Ìbáà jẹ́ ọkọ̀ akóṣu, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ kékeré, ogójì ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Wúràọlá, olùkọ́ tó ń wa ọkọ̀ kékeré lọ sílé ìwé, ní ọgbọ̀n ni kí gééjì tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn dúró lé.

Múfú bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, táyà tó bá le ló ń sáré o!"

Ládiméjì, àgbàlagbà awakọ̀ tó ń dúró kó kan òun, dá sí i. "Jẹ́ kí Múfú ṣe é bó ṣe ń ṣe é. Ọkùnrin ló mọ ọkọ̀."

Wúràọlá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ gbayawu. "Ẹ wá ka ìwé tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ibí. Ọgbọ̀n ni wọ́n kọ. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ ni? Ẹni tí kò bá ní fẹ́ ọgbọ̀n, kó má fọwọ́ kan táyà mi!"

Múfú ń kùn, ó fẹ́ ọgbọ̀n.

"Àádọ́ta ni kó o fẹ́ sí tèmi!" ni Ládiméjì pariwo, kí Wúràọlá lè gbọ́.

Lọ́sàn-án, nínú oòrùn ganrínganrín, Wúràọlá bá Ládiméjì lẹ́bàá ọ̀nà. Kòtò kan ṣoṣo ni táyà rẹ̀ kó sí tó fi bẹ́ bí ìbọn. Wúràọlá dúró, ó ní kó wọ ọkọ̀ òun. Ládiméjì wọlé, kò lè wò ó lójú.

"Ọkùnrin tó mọ ọkọ̀," ni Wúràọlá wí, "ẹ rọra pa ilẹ̀kùn. Ìwé tó kọ ọgbọ̀n wà lẹ́nu ọ̀nà."