Ẹ Kú Iṣẹ́ O, Amí Alága

Alága ìjọba ìbílẹ̀ kan kéde pé ẹni tó bá gbé ẹ̀hónú dé ọ́fíìsì òun, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ, ó sì rán amí lọ ṣọ́ Mosúnmọ́lá onídìrí, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi lórí ọ̀rọ̀ afárá tó já. Amí sá pa mọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń kọ̀wé. Ta ní í rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní í kí i? Mosúnmọ́lá yọjú: “Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kúrò lóòrùn.” Ó gbé àpótí fún un, ó bu omi tútù, ó wá ń rọra sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ amí lè bá a: “Afárá já. Ẹ kọ ọ́. Alága ra mọ́tò tuntun. Ṣé ẹ ti kọ ìyẹn?” Lọ́jọ́ keje tí Alága ti ń ka ìwé amí, ó ní kí wọ́n mú Mosúnmọ́lá wá. “Ta ló ní kí o gbé ẹ̀hónú wá síbí?” “Èmi kẹ̀, sà? Ìdí irun ni mo wà. Ẹni tó ń gbé e wá lójoojúmọ́ ló dúró lẹ́yìn yín yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ tì í mọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kọ eléyìí tán ná.”