Ọ̀rọ̀ Ìgbaniwọlé Tíṣà Oyèkàn

Tíṣà èdè Yorùbá ni Oyèkàn ní ìlú Ìgbájọ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Lójú rẹ̀, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá láìfi àmì sí i, ìhòòhò ló rìn jáde. Wọ́n ní ó fi bírò pupa ṣàtúnṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó kan, ó sì dá a padà fún bàbá ìyàwó. Èèyàn dáadáa ni o, àmọ́ kò mọ bí a ti ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìjọ rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà fún un pé kí ó tẹ àwọn orin ìbílẹ̀ tí ó gbà sílẹ̀ lẹ́nu olórí akọrin àtijọ́. Tíṣà sì gbọ́ pé ètò kan wà, èyí tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí a lè gbé sórí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló ń fi ọ̀wẹ̀ ṣe é, ẹni tó bá wù sì lè lò ó, kí ó tún un ṣe. Ìyá Àrìnpé, tí wọ́n jọ ṣe tíṣà, ti ń lo irú rẹ̀.

“Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n wá bá yín gbé e sí i. Ó níbi tó ti máa ń dá èèyàn lágara.”

“Ìyá Àrìnpé, ṣé ìwé ni mi ò lè kà ni?”

Ó dá a ṣe. Nígbà àkọ́kọ́, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Nígbà kejì ó gbà. Ó wá bọ́tìnnì Yorùbá, èyí tó ń jẹ́ kí á lè tẹ àmì ọ̀rọ̀, jáde, ó sì fi tẹ gbogbo orin náà tàmì-tàmì. Kò pẹ́ lẹ́yìn tó parí, olórí akọrin kú, àwọn ìwé tí Tíṣà kọ orin sí sì bá òjò lọ. Inú kọ̀ǹpútà nìkan ni orin kù sí.

Ó ku ọ̀la kí ó fi iṣẹ́ han àwọn àgbà ìjọ ni ó rántí pé lẹ́tà ṣákálá, tí kò ní àmì, ni òun fi ṣe ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, ọ̀rọ̀ àṣírí tí òun ń tẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó ṣí. Odindi tíṣà Yorùbá! Ó yí i padà, ó fi àmì sí i látòkè délẹ̀, ó sì pa kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ kejì, ó tàn án níwájú wọn. Ó tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tóótòòtó dúdú nìkan ló hàn. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà. Ó tún un tẹ̀, ó tún ní kò tọ̀nà. Òógùn bo Tíṣà.

“Èmi lò ń sọ fún pé ọ̀rọ̀ Yorùbá mi kò tọ̀nà?” Ó ń bá kọ̀ǹpútà jà. “Olè ni àwọn tó ṣe ètò yìí! Ta ní í ṣe oore lọ́fẹ̀ẹ́? Wọ́n ti jí orin wa lọ! Màá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, màá tún un gbé sí i!”

Bàbá Ìjọ yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ létí: “Àbí orí àgbà yìí ti ń dàrú ni?” Tíṣà gbọ́ ọ.

Ìyá Àrìnpé, tó jókòó láàrin wọn, dìde. “Tíṣà, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ o, orin á bá a lọ. Ṣé ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀ yín ni?”

“Mo fi sí i.”

“Ọ̀rọ̀ wo ni?”

Tíṣà wolẹ̀. Ojú ń tì í. “Ọ̀jọ̀gbọ́n,” ló wí. Ẹnìkan wúkọ́ tipátipá kí ẹ̀rín má baà sọ.

“Bọ́tìnnì Yorùbá kò tíì jí lẹ́nu ọ̀nà níbí tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, tòyìnbó ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà mìíràn lẹ̀ ń tẹ̀, ẹ ò kàn rí i ni.” Ó tẹ àmì kékeré kan ní igun, ó mú Yorùbá. “Ó yá, ẹ tẹ̀ ẹ́.”

Kọ̀ǹpútà ṣí. Gbogbo orin pé síbẹ̀.

“Ta ló kọ́ yín?” Tíṣà béèrè.

“Àwọn tẹ́ ẹ pè lólè ni. Ohun tó ṣe yín yìí ṣe èmi náà rí, mo béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí mi ò mọ̀ rí nínú wọn ló dá mi lóhùn.”

Tíṣà kò lè gbójú sókè. “Ẹ forí jì mí,” ló ń wí, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń bẹ̀ gan-an nínú gbogbo wọn.

Ẹ lè ní òwe tí mo fẹ́ pa yìí dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ kò purọ́. Àmọ́ ní ìjọ tiwa, ọjọ́ yẹn ni a mọ ìdí rẹ̀, Tíṣà fúnra rẹ̀ kì í sì í jiyàn tí àwọn àgbà bá ń pa á pé: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.