Ìdí Tí Ìyá Àgbà Fi Ń Làágùn Nínú Ọyẹ́

Nígbà láéláé, nígbà tí ọ̀bọ àti ènìyàn ṣì ń kí ara wọn bí ẹbí, kò sí abo tí í dẹ́kun ọmọ bíbí. Irun á funfun, eyín á ká tán, oyún á tún wà níkùn gbàǹgbà. Ẹ sáà wo nǹkan: arúgbó tí kò lè jẹ ẹ̀kùrọ́ mọ́, oyún ló ń gbé kiri.

Ìyá Àwẹ̀ró, abo ọ̀bọ kan tó ń gbé lórí igi ọ̀pọ̀tọ́, gbà pé ohun iyì ni. "Ẹni tó ṣì ń bímọ kò tíì darúgbó," ni ó máa ń sọ, á sì máa yan fanda lórí ẹ̀ka.

Lọ́dún kan, òun àti Àwẹ̀ró, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, jọ lóyún. Oyún àkọ́kọ́ Àwẹ̀ró nìyẹn, àyà rẹ̀ sì ń já.

"Ìyá mi," ni Àwẹ̀ró wí, "tí mo bá bí, ta ni yóò bá mi wẹ ọmọ? Ta ni yóò gbé e dání tí mo bá ń wá oúnjẹ?"

"Ṣé o rò pé inú tèmi ṣófo ni? Ọwọ́ mi kún."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Èmi ò sí lọ́jà," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ilé ni mo wà, mo ń bímọ tèmi."

Àfi bí wọ́n ṣe bímọ lọ́jọ́ kan náà. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀ka tí Àwẹ̀ró dúró lé ṣẹ́. Ó já bọ́, apá rẹ̀ dá, kò lè gbé ọmọ rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé ọmọ náà, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ níbi tí ẹ̀ka méjì ti pàdé. Ó ń kùn bó ti ń ṣe é.

Ibi tó ti ń nawọ́ sí èso ni òjìji ńlá kan ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó gbójú sókè. Idì ni.

Ọwọ́ kan ni yóò fi gun igi, ọwọ́ kan ló kù fún ọmọ, ọmọ méjì ló sì wà nílẹ̀. Kò ráyè yàn. Ó gbá ọ̀kan mú, ó kó wọnú ewé tó ṣú, ó sì gbọ́ bí ìyẹ́ Idì ṣe lu ẹ̀ka gbàà lẹ́yìn òun.

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó fi ọmú sí ọmọ náà lẹ́nu. Ó wo ojú rẹ̀. Ó tún un wò. Ó yí etí rẹ̀, ó rí àmì funfun kan níbẹ̀. Ọmọ Àwẹ̀ró ni.

Ó sáré padà síbi tí ẹ̀ka ti pàdé, ìyẹ́ kan péré ló bá níbẹ̀.

Ó gbé ọmọ náà fún Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ń sunkún, ó ń dúpẹ́, kó tó wá rí ojú ìyá rẹ̀.

"Tiyín dà, Ìyá mi?"

Ìyá Àwẹ̀ró yí padà, ó gba ọ̀nà ọ̀run lọ bá Ẹlẹ́dàá nídìí amọ̀ tó ń pò.

"Ọwọ́ méjì lẹ fún mi," ni ó wí. "Kò tó ọmọ méjì."

"Ṣé ọwọ́ kẹta lo wá gbà?"

"Rárá o. Ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ọmọ tó wà nínú mi. Nígbà tí ti ọmọ mi bá ṣí, kí tèmi wà ní títì."

Amọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá. Láti ìgbà tó ti ń mọ ẹ̀dá, ẹni tó wá tọrọ ọmọ ló ń rí. Kò rí ẹni tó ní kí wọ́n ti ilé ọmọ òun rí.

"Rò ó dáadáa," ni ó wí. "Amọ̀ kan náà ni mo fi mọ ìwọ àti obìnrin ènìyàn. Bí mo bá ti tìrẹ, mo ti tiwọn nìyẹn."

"Àwọn náà ní ọmọ-ọmọ."

Ẹlẹ́dàá ti ilẹ̀kùn náà. Ó wá bu omi láti pa iná tó wà nínú ilé ọmọ, iná tí í mú ọmọ móoru kí a tó bí i. Ìyá Àwẹ̀ró di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. Ẹ gbọ́ ná, ta ló di Ẹlẹ́dàá lọ́wọ́ mú rí?

"Ẹ má pa á," ni ó wí.

"Iná tí kò ní ìkòkò lórí kì í jókòó jẹ́ẹ́," ni Ẹlẹ́dàá wí. "Yóò máa rú sí ọ láyà, sí ọ lọ́rùn, sí ọ lójú. Wàá máa làágùn nínú ọyẹ́."

"Kó máa jó. Ọmọ mi tí Idì gbé lọ yá iná yẹn. Iná náà nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà."

Ẹlẹ́dàá da omi náà nù.

Láti ọjọ́ náà ni abo ọ̀bọ tó ti dàgbà, àti obìnrin tó ti dàgbà, kì í bímọ mọ́, tí ọwọ́ wọn sì ṣófo fún ọmọ-ọmọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ara àwọn ìyá wa fi máa ń lọ wo ọ̀bọ. Láti ọjọ́ náà náà ni iná ọ̀hún ti ń rú. Bí ẹ bá rí ìyá àgbà tó bọ́ ìborùn sílẹ̀ nínú ọyẹ́, tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.